Ohun tí Obìnrin Náà Rí Nínú Fáìlì Ẹ̀gbọ́n Mi

Alága, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì gbogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mi ò tíì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé òun ló kàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe akọ̀wé yín, mi ò sì fo ìwé kíkà rí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lẹ́nu mi lónìí, ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì tipẹ́, àsìkò sì ti tó kó jáde. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn dókítà fẹ́ la àyà mi láti tún ọkàn mi ṣe. Wọ́n ní nínú èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n bá ṣe é fún, méje ló máa ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà sílé. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo ní ó dáa, mo sì béèrè bóyá kí n mú aṣọ ìnura dání. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn láti oṣù kan sẹ́yìn. Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí mi, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo ilé onílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sí iwájú níbí, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Ìyá Gbígbóná torí pé kò sẹ́ni tó ra búrẹ́dì tútù lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n rò pé mo fẹ́ dágbére fún ẹgbẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ aṣọ tó dáa wá. Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìdágbére. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe sí yín, àti ohun tí mo ṣe sí ẹlòmíràn lẹ́yìn náà, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bẹ gbogbo yín, kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró títí n ó fi parí. Bí mo bá jókòó báyìí, mi ò ní í lè dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tí wọ́n ń pè mí. Akọ̀wé. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, torí búrẹ́dì ni wọ́n fi rán mi níwèé, àwọn fúnra wọn ò sì kọjá ìwé kẹrin. Bí àlejò bá wọ ilé búrẹ́dì, wọn á nu fúláwà kúrò lọ́wọ́, wọn á nàka sí mi: "Àbúrò mi nìyí o. Kò síwèé tẹ́ ẹ lè gbé fún un tí ò ní í kà." Èmi náà á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ka gbogbo ìwé ayé tán. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ni mí nígbà náà. Mò ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé ńlá, mò ń kọ lẹ́tà sí àwọn òbí wọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìṣirò ni kò dára. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, èmi náà ò sì sọ fún wọn.

Lọ́dọọdún ni fọ́ọ̀mù owó-orí máa ń wá. Ojú ìwé méjì péré ni nígbà kan: orúkọ rẹ, iṣẹ́ rẹ, ohun tó wọlé, ohun tó jáde, buwọ́ lù ú, ó parí. Mo máa ń kún un tìgbéraga-tìgbéraga. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà, ó di ojú ìwé méjìlá. Mo ṣì rántí ojú ìwé kẹrin. Wọ́n ní ká kọ bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbó tó láàárín ọdún náà. Mo gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún, mò ń wo ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. Ó ń yí, ó ń pariwo, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ta ló fẹ́ sọ fún mi bó ṣe gbó tó? Ó yẹ kí n lọ béèrè. Ọ́fíìsì owó-orí ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, wọ́n sì ní fèrèsé kan tí wọ́n kọ "Béèrè Níbí" sí lókè. Mo lọ tò síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó ku ẹni méjì níwájú mi, ìyá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kan rí mi láti ẹ̀yìn, ó ní, "Há, Akọ̀wé! Kí lẹ̀yin náà fẹ́ béèrè?" Mo ní mi ò fẹ́ béèrè nǹkan kan, mò ń kọjá lọ ni. Mo sì kọjá lọ lóòótọ́. Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe olè jíjà. Ìtìjú ni, irú èyí tó yẹ ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí àgbàlagbà wá gbé wọ̀.

Mo ki fọ́ọ̀mù náà bọnú páálí kan lábẹ́ tábìlì mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè, mo ní, "Ó ti lọ." Wọ́n ní, "O ṣé, Akọ̀wé mi." Owó tí wọ́n ní kí n fi san án, mi ò ná nínú rẹ̀. Mo dá a padà sí báńkì lórúkọ wọn, torí mo mọ̀ pé wọn kì í yẹ ìwé báńkì wò. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìyẹn fi hàn pé èèyàn rere ni mí. Nígbà tí ọdún kejì dé, mi ò lè fi ti ọdún náà ránṣẹ́ kí wọ́n má béèrè ti èṣí, ni òun náà bá wọ páálí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọdún kẹta, tó di ọdún kẹrin, tó di ọdún karùn-ún. Èèyàn máa ń rò pé irọ́ ọdún márùn-ún á wúwo lọ́rùn ẹni. Kò wúwo. Páálí yẹn wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ń gbé ẹsẹ̀ lé e bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn.

Ní ọdún kẹfà, dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n mi yé dúró níwájú ààrò nítorí orúnkún wọn. Wọ́n pè mí sí yàrá ẹ̀yìn láàárín àpò fúláwà, wọ́n ní, "Akọ̀wé, mo fẹ́ gbé ilé búrẹ́dì yìí fún ọmọ mi. Wọ́n sọ nípàdé pé téèyàn bá kàn gbé e fọ́mọ bẹ́ẹ̀, owó-orí lè gé e sí méjì. Wọ́n láwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọn á jókòó tì ọ́, wọn á bá ọ gbèrò ẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Lọ wá ọ̀kan fún mi. Kì í ṣe ẹlẹ́nu o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́. Bi í léèrè dáadáa, bí ẹni pé ọmọ wa ló fẹ́ fẹ́." Mo ní, "Ṣé èmi ò tó ni?" Ẹ ò rí ìyájú! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "O ti ṣe é tó. Mi ò fẹ́ kó o tún fojú ẹ ṣòfò lórí ìwé tèmi." Ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju kí ọmọ wọn jogún ààrò méjì àti ilé tó bò wọ́n. Òun ni wọ́n fi ogójì ọdún ṣe.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, ilé alájà mẹ́fà ni. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì béèrè pé ẹ̀ka mélòó ni ilé-iṣẹ́ wa ní. Mo ní ààrò méjì la ní. Ó fún mi lómi tútù mu, ó sì fi ọ̀nà ìta hàn mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ibi kejì ni ti obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n, nígbà yẹn bí ogún nínú yín ló ń gbé ìwé lọ bá a. Agbaninímọ̀ràn ni ẹ ń pè é. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, yàrá kan ṣoṣo tí òòrùn ń wọ̀ tààrà, tí fáìlì tò sára ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, tí èèyàn sì ń gbọ́ òòlù oníbàtà lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti na ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Nọ́ńbà mi nìyẹn, sà. Ẹ pe àwọn tó fún mi, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá mo ṣì wà lórí ìwé wọn. Ẹ má gba tẹnu mi." Ó kọ orúkọ oníbàárà méjì tí wọ́n ti gbà pé ká máa wádìí òun lọ́wọ́ àwọn. Ó sọ ohun tí òun máa ṣe àti ohun tí òun ò ní í ṣe, ó sọ ohun tí òun máa gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ó ní kí n gbé e lọ ilé kí n lọ rò ó. Lẹ́yìn náà ló wá ń béèrè àwọn ọ̀rọ̀ tí kò jọ ọ̀rọ̀ owó-orí rárá. Ṣé ọmọ náà fẹ́ iṣẹ́ búrẹ́dì ní tòótọ́, àbí ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ ni? Ṣé àwọn ọmọ yòókù mọ̀? Ta ló ni ilẹ̀ tí ààrò dúró lé? Mò ń dáhùn, inú mi ń dùn. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Ó wá ní, "Ó ku ẹyọ kan, sà. Ẹ bá mi kó ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ọdún márùn-ún tó kọjá wá. N kì í bẹ̀rẹ̀ ètò kankan láì kọ́kọ́ rí wọn." Òòlù oníbàtà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní ó dáa, n ó kó wọn wá.

Mo kó wọn lọ lóòótọ́. Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń rò. Bóyá mo rò pé kò ní í kíyè sí i. Mo to àwọn rìsíìtì sókè, mo ki àwọn fọ́ọ̀mù sí ìsàlẹ̀ fáìlì. Ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi lẹ́ẹ̀dì sàmì, ó dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Sà, ẹ ò tíì fi wọ́n ránṣẹ́, àbí?" Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ó ní, "Kì í ṣe òpin ayé o. Tá a bá fẹsẹ̀ ara wa lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá wa, wọn á dín ìtanràn náà kù gan-an. Mo ti ṣe irú ẹ̀ fún èèyàn mẹ́ta. Láàárín oṣù méjì, ó ti tán. Ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló kù tó gbọ́dọ̀ mọ̀, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, àwọn ló máa buwọ́ lù ú." Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ó pa fáìlì náà dé, ó ní, "Wọn ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin lẹ gbé fáìlì wá. Ohun tí mo bá rí níbẹ̀, abẹ́ òrùlé yìí ló máa wà, àfi tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ọ́. Àmọ́ mi ò lè máa ṣiṣẹ́ fún wọn kí n tún máa fi ọ̀rọ̀ ara wọn pamọ́ fún wọn. Ẹ lọ sọ fún wọn, sà. Kẹ́ ẹ wá padà wá." Oṣù méjì, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó wà láàárín àwa àti ìgbàlà ò ju oṣù méjì lọ, àti gbólóhùn kan tó yẹ kí n sọ fún obìnrin tó tọ́ mi.

Mi ò padà lọ. Mo wá ẹlẹ́ẹ̀kẹta rí. Kò-sí-wàhálà ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí bó ṣe ń dáhùn gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Kò ní ọ́fíìsì. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì ló ti ń pàdé èèyàn, ó sì máa ń jẹ́ kí àlejò san owó tíì. Mo ní ṣé ó níwèé àṣẹ? Kò sí wàhálà. Mo ní ṣé yóò buwọ́ lu ohun tó bá kọ? Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ni kó buwọ́ lù ú, òun kì í kó orúkọ òun síbi tí kò kàn án. Kó tó rí ìwé kan ṣoṣo, ó ti ṣèlérí bí owó-orí náà á ṣe kéré tó, ó sì ní òun á gba ìdá kan nínú ohun tí òun bá bá wa yọ. Mo bi í pé, "Ẹ ò wá ní í wo fọ́ọ̀mù àtẹ̀yìnwá ni?" Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀, ó ní, "Ká wò ó ṣe kí ni? Èyí tó lọ ti lọ." Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, ẹ̀yin náà á wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ wò mí dáadáa. Gbogbo ohun tó yẹ kó lé mi dìde níbẹ̀ ló mú kí n fẹ̀yìn ti àga.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní, "Agbaninímọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń yìn yẹn ńkọ́? O ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni?" Wọ́n ń to páànù búrẹ́dì lórí ara wọn nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ká mú nǹkan wá tóun máa fi di àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí lójú." Mi ò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi bí ìgbà téèyàn bá húkọ́. Páànù tó wà lọ́wọ́ wọn bọ́ sílẹ̀. "Àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Ó fẹ́ kí n fi búrẹ́dì mi ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀?" Wọ́n ní a ò tún gbọdọ̀ dárúkọ obìnrin náà nínú ilé yẹn. Mo bá wọn ṣa páànù náà.

Kò-sí-wàhálà kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lù ú, ìwé náà dé ọ́fíìsì owó-orí pé ilé búrẹ́dì fẹ́ kúrò lórúkọ ìyá bọ́ sórúkọ ọmọ. Wọ́n fa fáìlì ẹ̀gbọ́n mi yọ, wọ́n rí i pé ọdún márùn-ún ṣófo. Lẹ́tà dé. Mo pe Kò-sí-wàhálà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n nu àga fún mi, wọ́n ní, "Kà á fún wa." Ọmọ wọn obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé wọn ò rí fọ́ọ̀mù kankan gbà láti ọdún márùn-ún. Ohun tí mo kà sókè, pẹ̀lú ohùn mi tó dùn yìí, ni pé ẹnì kan ti wá fẹjọ́ sùn wọ́n pé àwọn fọ́ọ̀mù wa kì í ṣe òótọ́. Mò ń kà á, ojú mi ń lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún lórí ìlà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo tún dánu dúró níbi tó yẹ kéèyàn ti mí. Ọmọ wọn na ọwọ́ láti gba lẹ́tà náà wò, mo ti ká a sápò. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta lẹni náà?" Mo ní, "Ta ló tún fọwọ́ kan fáìlì wa, yàtọ̀ sí obìnrin yẹn?"

Ìyókù, ojú yín ló ṣe é. Inú gbọ̀ngàn yìí ni. Alága, ẹ̀yin náà lẹ wà lórí àga yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin náà, ó wá, ó jókòó sí apá ọ̀tún, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n sọ ohun tí mo sọ fún wọn, wọ́n ń sunkún. Ẹ bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ wá yíjú sí obìnrin náà, ẹ ní, "Ọ̀nà tó o lè fi gbara ẹ sílẹ̀ rèé: kí lo rí nínú fáìlì wọn?" Ó ní, "Mi ò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn, mi ò sì béèrè àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìwé oníbàárà ni fáìlì yẹn, sà. Ẹni tó gbé e wá nìkan ló lè ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀." Ó wá wò mí. Kò fojú bẹ̀ mí, kò sì fojú bú mi. Ó kàn ń dúró ni. Orí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá mi í lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wo bàtà mi. Mo rí i pé okùn bàtà òsì ti fẹ́ já. Mò ń rò ó pé ó yẹ kí n ra òmíràn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń kùn, ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ ò rí i pé kò lọ́rọ̀ lẹ́nu," ẹ sì pàṣẹ pé kí oníbúrẹ́dì kankan má tún gbé ìwé lọ bá a. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì, èmi akọ̀wé jókòó láti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Kò sẹ́ni tó ń fi ìbéèrè dí mi lọ́nà. Ilẹ̀ mọ́, mo mu omi, ara mi balẹ̀. Mo lè kọ ohun tí obìnrin náà sọ gẹ́lẹ́, ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ iwájú á ti ro ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "A bi obìnrin náà léèrè, kò rí èsì fọ̀." Mo tún un kà, mo rí i pé "èsì" kò hàn dáadáa, mo tún un kọ. Ẹ ní kí n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, ti àwọn apẹran, ti àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, kí wọ́n lè ṣọ́ra. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ẹ̀dà mẹ́sàn-án, mo sì lu gbogbo wọn lóǹtẹ̀. Kó tó pé ọdún kan, obìnrin náà ti ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Ìtanràn ìjọba ju owó tó wà ní báńkì lọ, ó gbé ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n mi lọ, ààrò méjèèjì pẹ̀lú ilé tó bò wọ́n. Ọmọ wọn ń bá ẹlòmíràn po fúláwà báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dúró ti àwọn.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé pẹ̀lú irọ́ yìí, oúnjẹ sì ń wọ̀ mí lẹ́nu. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ ra ọ̀dà tí mo fẹ́ fi kun fèrèsé. Ẹni tó wà nídìí káńtà yíjú padà, obìnrin náà ni. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ọ̀dà funfun ta sí i lápá. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ara ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?" Mo ní ara wọn le. Ó ní ọ̀dà wo ni mo fẹ́, mo dárúkọ èyí tí mi ò fẹ́. Ó pò ó fún mi, ó dé e dáadáa, ó fi aṣọ nu ẹnu agolo. Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ ba òun jẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. Ó ní, "Ẹ ò ní kí n sọ ọ́." Ó wá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo gbé ọ̀dà, mo jáde, mo dúró lójú pópó. Mo dúró de ẹkún, kò wá. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti ń fún mi láyà, àwọn dókítà sì ti sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀ fún un níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ wá síbí lónìí.

Agbaninímọ̀ràn, mo ti rí yín. Ẹ wọlé nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń mu tíì, ẹ sì dúró ti ilẹ̀kùn látìgbà náà. Mi ò ní í bẹ̀ yín lójú gbogbo èèyàn, kó má di pé ojú á tì yín láti sọ pé rárá. Bí àwọn dókítà bá dá mi padà láti orí ibùsùn wọn, n ó wá bá yín, n ó kúnlẹ̀, ẹ ó sì dá mi lóhùn bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ yẹn, mò ń ṣe é lónìí. Èmi ni mo gbé fáìlì náà wá. Mo ní kí ẹ sọ ọ́. Gbogbo ohun tí ẹ rí níbẹ̀, àti gbogbo ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bò, ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé èmi lẹ tẹjú mọ́. Ẹ má wò mí mọ́. Láti ọdún mẹ́jọ, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run dá, ẹ ń dárúkọ ọ̀tá kan nínú àdúrà yín, èmi ni mo sì fún yín ní orúkọ náà. Òun ló wà lẹ́yìn yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ yíjú padà, ẹ wò ó. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a, kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì tiyín lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi lè dúró.